Tépù, ìwé ìwọ̀n, àti ìkòkò ẹ̀fọ́ Ọjọ́rú

Télọ̀ ni mí. Láti 2003 ni mo ti ń ránṣọ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Apẹ̀tẹ̀, nílùú Ìbàdàn níbí, mi ò sì ju ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí nù rí. Wọ́n ti di mọ́kànlá báyìí. Èèpo òmíràn ti já, epo máṣíìnì ti ta sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọlé, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́: màá tú ìwé, màá rí ejìká, bọ́sìtì, wéèsì, híìpù, gígùn apá, àti ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n.

Lọ́dún 2017, oníbàárà kan fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ láti Èkó. Kò ráyè wá, ó ní kí n lo ìwọ̀n rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo tú ìwé. 2006: wéèsì 31. 2011: 34. 2016: 39. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ iṣẹ́ ló kọ ọ́ sódì. Mo tú ti ẹlòmíràn wò, mo tú ti ẹnì kẹta. Wọ́n ti mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń wo ìwé, aago mẹ́wàá sì ti lù kí n tó ti ilẹ̀kùn. Nínú ogún oníbàárà àtijọ́ tí mo yẹ̀ wò, mẹ́rìndínlógún ni wéèsì wọn ti fi íǹṣì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fẹ̀ sí i. Ẹnì kan péré ni tirẹ̀ dín, ìyẹn sì ṣàìsàn ni.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọmọ bíbí wà níbẹ̀, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Èmi náà bí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n télọ̀ mọ ohun kan tí dókítà ò mọ̀: ó mọ iye ìgbà tí aṣọ kan padà wá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdajì íǹṣì ni mò ń fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìránpọ̀. Lónìí íǹṣì méjì ni, nítorí mo mọ̀ pé kí ọdún tó yípo, wọn á gbé e dé: "Ẹ bá mi tú u sílẹ̀ díẹ̀." Bó bá ti di oṣù Kejìlá, ọmọ iṣẹ́ kan máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó jẹ́ pé aṣọ títú nìkan ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ ara sísan ò rọrùn láti sọ láàárín wa. Ẹni tó bá rù la máa ń bi pé kí ló dé. Ẹni tó bá sanra, a ó ní ara rẹ̀ ti dáa, ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, owó ti ń wọlé. Èmi gan-an fi ẹnu ara mi ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2018 ni, ó ku ọjọ́ mẹ́rin Iléyá, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu ọ̀nà. Mo ń wọn ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi láti ọdún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì pariwo bí mo ṣe máa ń ṣe: "Wéèsì, méjìlélógójì!" Ìyẹn ò tó mi, mo tún fi ẹ̀fẹ̀ lé e: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú àmàlà o." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó sanwó, ó wá kó aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ, kò sì padà wá mọ́. Láti ìgbà náà, mi ò pe ìwọ̀n sókè mọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń wọ̀n, èmi ni mò ń kọ.

Ní 2022 ó wá kàn mí. Àwọn nọ́ọ̀sì wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ládùúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n tẹ́ tábìlì síwájú ilé ìjọsìn. Torí pé ọ̀fẹ́ ni mo ṣe lọ. Wọ́n so nǹkan mọ́ mi lápá, wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n tún un so: ẹ̀jẹ̀ mi ti ru, 168 lórí 104. Mo ní bóyá ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́, kò síbi tó ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọdé lójú mi, ní, "Mummy, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í dun èèyàn." Ó wá béèrè bóyá a lè rí ẹni tó ní tépù. Èmi télọ̀, ọrùn mi ló wà. Tépù tèmi ni wọ́n fi wọ̀n mí: 38. Ó ní fún obìnrin, bó bá ti kọjá íǹṣì 35, ìyẹn bíi séńtímítà 88, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn ti ń ga sí i nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ò kéré. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dúró lẹ́yìn mi lórí ìlà. Mo rántí Iléyá.

Wọ́n darí mi sí ọsibítù, wọ́n fún mi lóògùn, mo ṣì ń lò ó títí di òní. Kí ẹnikẹ́ni má ka ohun tí mò ń kọ yìí kó lọ ju oògùn rẹ̀ nù nítorí ẹ̀fọ́ o.

Nínú gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ, ti iyọ̀ ló bá mi délé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: ti inú ọbẹ̀, ti inú búrẹ́dì, ti inú màgí. Gíráàmù 5 ò ju ṣíbí tíì kan lọ, tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Àwa márùn-ún là ń gbé ilé, nítorí náà ṣíbí márùn-ún ni gbogbo wa, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Mo sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó se ọbẹ̀ bó ṣe máa ń sè é, kó má wojú mi rárá, kó ṣáà jẹ́ kí n máa fi ṣíbí wọn ohunkóhun tó bá fẹ́ dà sínú ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ bu iyọ̀: ṣíbí méjì. Ó tọ́ ọ wò, ó yọ ètè, ó tún bù: ọ̀kan àbọ̀. Màgí mẹ́jọ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ìdajì màgí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ náà ni. Kí ọbẹ̀ tó hó, a ti jẹ ti òní tán, a ti mú nínú ti ọ̀la. A ò tíì dórí búrẹ́dì àárọ̀ o, a ò tíì dórí ẹja díndín tí ọkọ mi fi ń mu gàrí. Mo fẹ́ bú ọmọ náà. Mo rántí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè.

Ẹ mọ bí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ṣe máa ń rí, àfi kó jí gbogbo àdúgbò. Mo lọ bá alága àwọn lánlọ́ọ̀dù, a háyà kánópì àti ọgọ́ta àga, a bẹ nọ́ọ̀sì yẹn kó wá bá wa sọ̀rọ̀. Òjò ò rọ̀, kò sí òkú, kò sí ìgbéyàwó. Èèyàn mọ́kànlá ló wá. Mẹ́rin nínú wọn, ọmọ iṣẹ́ mi ni. Ẹnì kan, ẹni tó ni àga ni, ó ń dúró kó wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí èèyàn máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó gíráàmù 400 lóòjọ́. Ìyá kan tó ń ta èédú ní ìkòríta wa na ọwọ́ sókè. "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Gíráàmù 400 yẹn, èló ni?"

A rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ìyá eléèédú ò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún bí ọjọ́ mélòó kan, nítorí òun nìkan ló sọ ohun tó wà nílẹ̀ gan-an. Àwa ń sọ̀rọ̀ ápù àti kùkúḿbà fún ẹni tó ń ka owó ọkọ̀ ọmọ lálẹ́. Ìgbà yẹn ni mo fi ọ̀rọ̀ àdúgbò sílẹ̀ ná, mo yíjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ní. Lójoojúmọ́ láago kan, ọ̀kan nínú wọn á sáré lọ sọ́dọ̀ aláìndómì, á mú ti gbogbo wọn bọ̀: índómì méjì-méjì, ẹyin bó bá jẹ́ ọjọ́ owó, mínírà tútù kan fún ẹni méjì. Mo bi wọ́n pé èló ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, a rò ó pọ̀ lórí pátákó ìgéṣọ. Mo ní, ó dáa, Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí kálukú mú owó índómì tirẹ̀ wá fún mi, èmi á fi tèmi lé e. Mo gbé sítóòfù láti ilé.

Báyìí ni ìkòkò Ọjọ́rú ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a sì ṣe ń sè é nìyí, nítorí àwọn èèyàn máa ń bi mí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ni, èyí tó bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbé e wá láti oko ní ìdájí. A máa fọ̀ ọ́ kí a tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí a rẹ́ ẹ tán. A dà á sínú omi tó ń hó, mo máa ka oókan dé ọgbọ̀n, a yọ ọ́. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń fún ẹ̀fọ́ bí ẹni ń fún aṣọ, kò ní ku ẹ̀kán kan; omi aláwọ̀ ewé tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà yẹn, oore ẹ̀fọ́ ló ń bá a lọ. Àwa kì í fún un, a kàn máa ń jẹ́ kó ro nínú ajọ̀ ni. Epo pupa, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta fún àwa márùn-ún. A kì í jẹ́ kí epo funfun lórí iná, torí ohun tó mú epo pọ́n yẹn gan-an ni ara máa ń sọ di fítámì A; ẹni tó bá yọ epo títí tó fi funfun ti dá èyí tó rà á sí nù. Àlùbọ́sà, ata rodo, tàtàṣé, ẹja ṣáwá tí a ti yan, edé díẹ̀. Lẹ́yìn náà irú.

Irú ni mo fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ màgí. Irú wooro ni mo fẹ́ràn, mo sì máa ń bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá ó fi iyọ̀ sí i, torí àwọn kan ń fi sí i kó má bàa bàjẹ́. Òórùn rẹ̀ ni wàhálà: oníbàárà kan wọlé ní Ọjọ́rú kejì, ó di imú, ó ní ṣé léèsì òun á máa rùn irú báyìí ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé la ti ń dáná.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́, màgí mẹ́rin àti ìdajì ṣíbí iyọ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ kan ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó dákẹ́ díẹ̀. "Màmá, ọbẹ̀ yìí ò tíì sọ̀rọ̀." Mo ní kó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á fọhùn níkùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màgí di mẹ́ta, irú lọ sókè. Lẹ́yìn náà méjì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, màgí ti kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó kígbe. Ahọ́n máa ń gbàgbé, ẹ kàn má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń tàn án ni. Lóṣù náà, wọ́n lọ síbi fúrídọ́ọ̀mù ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n padà dé, ọmọ tí ọbẹ̀ mi ò bá sọ̀rọ̀ yẹn kan náà ní, "Màmá, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ìrẹsì wọn." Mo yí ojú sí máṣíìnì kó má bàa rí bí inú mi ṣe dùn tó.

Ọjọ́rú nìkan ni o. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, wọ́n padà sórí índómì wọn. N ò jà.

Àwọn àgbà wa ní, "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọdún tí ẹ̀jẹ̀ mi ru ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé ẹ̀fọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹran ò sí níbẹ̀, ẹ̀wà ò sí níbẹ̀. Òkèlè la mọ̀ sí oúnjẹ, ìyókù, ohun tí a fi ń sún un lọ ni. Ẹni bá ti jẹ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ láìrí òkèlè, bi í léèrè lálẹ́, á ní òun ò tíì jẹun látàárọ̀.

Síbẹ̀ mi ò sí lára àwọn tó ń bú àmàlà. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí àwọn tó ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí èèyàn fi àmàlà sílẹ̀, kó lọ máa jẹ nǹkan inú páálí tí owó rẹ̀ tó ti odidi kóńgò èlùbọ́. Ẹ wo àbùlà tí a ń jẹ ní Ìbàdàn dáadáa. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni. Ewédú, ẹ̀fọ́ ni. Ata wà níbẹ̀, ẹja tàbí ẹran wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ da gbogbo wọn pọ̀ sínú abọ́ kan gbọ́n. Àwa la ba ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́: òkèlè márùn-ún bí òkè Màpó, ewédú ṣíbí kan tó kàn kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń bu omi mímọ́, ọ̀rá tó léfòó, pọ̀nmọ́ mẹ́ta.

Ìyá alámàlà wà lódìkejì ọ̀nà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ ara wa. Mo lọ bá a láàárọ̀ kí èrò tó dé, mo ní ṣé ó lè dín òkèlè kù kó fi kún ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ó wò mí bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí wọ́n fún ní ọ̀pá. Ó ní, "Ìwọ wo iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà lọ́sẹ̀ yìí? O mọ iye tí ewédú ń jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Àmàlà ló ń gbé èèyàn dúró. Ọlọ́kadà tó jẹun lọ́dọ̀ mi láago mẹ́wàá, aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń délé." Ó sọ òótọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi dá a lóhùn, mo ra ti náírà díẹ̀, mo sì padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ti rò ó: ẹni tó bá sọ pé òun yọ òkèlè kan, òun á fi owó òkèlè yẹn fi ewédú ṣíbí méjì kún tirẹ̀. Òun ò pàdánù, oníbàárà ò pàdánù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ ń rà á, lẹ́yìn náà àwọn tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ ní, "Ẹ fún mi ní ti télọ̀," ó ti mọ ohun tó máa bù. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin ò fẹ́ pe orúkọ yẹn. Wọ́n ní oúnjẹ aláìsàn ni. Bàbá kan tó mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ń da òun láàmú máa ń rán ọmọ rẹ̀ wá rà á, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Ìpàdé lánlọ́ọ̀dù náà ò jẹ́ kí n sinmi. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, èmi ni akápò, owó ìpanu sì wà lọ́wọ́ mi. Mínírà inú ike 50cl kan àti mítípáì kan fún olúkúlùkù, bó ṣe wà nìyẹn kí n tó dé ipò. Lóṣù kan mo ra ẹ̀pà sísè, àgbàdo sísè, ọsàn tí wọ́n ti bó, àti omi. Alága gbé àgbàdo sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Akápò, ṣé owó ti tán ni?"

Mo ti mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀, mo ti múra sílẹ̀. Mo yọ ike mínírà kan nínú báàgì, mo ní kí ọmọ ilé alága tó wà ní fásitì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa: gíráàmù ṣúgà 10 nínú mílílítà 100. Ike náà jẹ́ 500, nítorí náà gíráàmù 50. Ṣíbí tíì kan ń gbé bíi gíráàmù 4. Mo gbé ife gíláàsì sórí tábìlì, mo ṣí ṣúgà, mo ń bù ú, wọ́n ń bá mi kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Nígbà tó di ẹẹ́jọ, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Mo bù ú dé méjìlá àbọ̀. Gíláàsì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Alága wo gíláàsì, ó wo ike, ó na ọwọ́. "Gbé e wá kí n mu ún ná, bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Kí n má parọ́, a ò ṣẹ́gun. Àdéhùn tí a ní ni pé oṣù kan ti àgbàdo, oṣù kan ti mínírà. Lóṣù àgbàdo, mo máa ń rí àwọn tó gbé mínírà tiwọn sínú báàgì wá. Àwọn kan ní kí ìjọba gbówó lé e, àwọn èèyàn á fi í sílẹ̀. Ìjọba ti gbówó lé e kẹ̀: lọ́dún 2022 ni wọ́n gbé owó orí náírà 10 lé lítà kan mínírà aládùn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: náírà 5 lórí ike 50cl. Ta ni náírà 5 ń dẹ́rù bà ní Nàìjíríà yìí?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti rọ́bà ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ ìyá eléèédú ò kúrò lọ́kàn mi, torí náà mo ní bí a ò bá lè rà á, ṣé a ò lè gbìn ín? NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́, wà nílùú wa níbí ní Ìdí-Ìṣin láti 1975. Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀ ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn kí a tó fọ́n ọn, torí ó kéré ju kó dúró lọ́wọ́ lọ. Mo gba rọ́bà ọ̀dà mẹ́sàn-án lọ́wọ́ àwọn apèntà, a lu ìdí wọn, a kó ilẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ọjọ́ kẹrin, ó hù. Ọjọ́ kọkànlá, adìẹ aládùúgbò wọlé, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán ní ìdajì wákàtí. Ìgbẹ́ wọn ni a fi tọ́jú rẹ̀, ẹnu wọn ló sì gbà á padà. Mo tún gbìn ín, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya bò ó. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, a ti ń gé e. Ìyá eléèédú gba igi ewúro méjì lọ́wọ́ mi, ó kì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èédú rẹ̀. Ewúro rẹ̀ ti ga jù mí lọ báyìí. Gbọ̀rọ̀ ti gun ọgbà ilé mẹ́ta ní ọ̀nà wa, ẹ̀fọ́ yẹn ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo ti dé ọ̀rọ̀ gbìngbìn, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: gàrí pupa tó wà lọ́jà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni epo wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n fúnra rẹ̀ wà, èyí tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí kan náà, bá àwọn mìíràn ṣe tí wọ́n fi lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti 2011, nítorí fítámì A. Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á, kò yàtọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ẹ̀pà mu ún dípò ṣúgà.

Wéèsì mi ti di 36. Kò tíì dé 35 yẹn. Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, oògùn wà níbẹ̀, rírìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, mi ò lè fi gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀fọ́.

Ẹ̀gbọ́n tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, mo pàdé rẹ̀ lóṣù tó kọjá ní Bódìjà, níbi tí a ti ń ná ẹ̀wà olóyin. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹnu mi ló jìn sí kòtò lọ́jọ́ náà. Ó fà mí dìde. Ó ní, "Télọ̀, ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, mo ti gbàgbé." Orúkọ àkọ́bí mi ló fi máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Ó sanwó ẹ̀wà rẹ̀, ó lọ. Mi ò tíì rí aṣọ kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé kẹrin. Bó bá dé, màá bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun fún un, mi ò ní wo ti àtẹ̀yìnwá.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ẹ̀fọ́ yánrin ni. Wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún mi láti oko, egúsí sì wà nílẹ̀. A ti di mẹ́sàn-án báyìí pẹ̀lú àwọn tíṣà, abọ́ wa ò tó. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó mú tirẹ̀ lọ́wọ́.